Ìka Ọwọ́ Kò Ṣeé Pààrọ̀

Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn háákà ti wọ inú kọ̀ǹpútà OPM, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìsọfúnni èèyàn mílíọ̀nù 21.5 ni wọ́n kó lọ: orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà ìdánimọ̀, orúkọ ẹbí àti ọ̀rẹ́, títí kan ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa gbèsè tó jẹ àti àìsàn tó ṣe é nígbà tó ń wá iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ààbò ìlú. Àmì ìka ọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n kó. Wọ́n kọ́kọ́ ní ti èèyàn mílíọ̀nù 1.1 ni. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní rárá o, mílíọ̀nù 5.6 ni.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ lé e ni kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní lójú àwọn ọ̀mọ̀ràn ìjọba, ohun tí olè lè fi àmì ìka ṣe lásìkò yẹn kò tó nǹkan, àmọ́ bí ìmọ̀ ẹ̀rọ bá ṣe ń lọ síwájú, ọ̀rọ̀ lè yí padà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó jí i kò kánjú. Ẹni tí wọ́n jí tiẹ̀ ló máa gbé ìka kan náà kiri títí dọjọ́ alẹ́. Wọ́n bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sanwó fún ètò tí yóò máa ṣọ́ bóyá ẹnì kan ń fi orúkọ wọn yáwó. Ìyẹn dára fún orúkọ àti nọ́ńbà. Ti ìka ńkọ́? Kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè fún wọn.

Láti ìgbà náà, bí mo bá gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan fẹ́ kó ìka, ojú àti ẹyinjú gbogbo ará ìlú jọ sójú kan, n kì í béèrè mọ́ bóyá ẹ̀rọ náà lágbára. Ta ni yóò sọ pé tòun kò lágbára? Ohun tí mò ń béèrè ni pé: lọ́jọ́ tó bá fọ́, kí ló ṣeé pààrọ̀?

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ wọ̀nyí fẹ́ràn láti máa sọ pé ara rẹ ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ páásíwọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé yí padà lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú. Ìka ọwọ́ kò ní ìkankan nínú méjèèjì. À ń fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ lára ife, lára ilẹ̀kùn, lójú fóònù, níbi gbogbo tí ọwọ́ bá kàn. Ojú wa ńkọ́? Àwa fúnra wa là ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́.

Kì í sì í ṣe àná lèèyàn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2002, Tsutomu Matsumoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní Yokohama, nílẹ̀ Japan, fi jẹ́látììnì, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe súwíìtì rírọ̀, ṣe ayédèrú ìka. Ẹ̀rọ 11 ni wọ́n fi dán an wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì gbà á wọlé. Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ háákà tó ń jẹ́ Chaos Computer Club ní Jámánì gba àmì ìka Wolfgang Schäuble lára ife tó fi mu omi. Òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, ó sì wà lára àwọn tó ń polówó fífi àmì ìka sínú ìwé ìrìnnà. Ẹgbẹ́ náà tẹ ìka mínísítà sínú ìwé ìròyìn wọn, wọ́n sì lẹ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ ọn tí ẹni tó bá fẹ́ lè fi bo ìka tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan lára wọn, Jan Krissler, fi hàn pé kò tiẹ̀ pọn dandan kí èèyàn rí ife kankan: fọ́tò ni ó fi ṣe àtúndá àmì àtàǹpàkò Ursula von der Leyen, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ààbò Jámánì nígbà náà. Kámẹ́rà tó yà á kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn akọ̀ròyìn ń gbé kiri.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ òde òní gbọ́n ju ti 2002 lọ. Wọ́n ń yẹ ìka wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, bóyá ó lágùn, bóyá ó gbóná. Kò burú. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ń gbọ́n sí i, ìka kò yí padà, àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà kò sì sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Ẹstóníà wé ti OPM. Orílẹ̀-èdè kékeré yẹn ti gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ lé káàdì ìdánimọ̀ lórí: wọ́n ń fi sanwó orí, wọ́n ń fi buwọ́ lùwé, láti ọdún 2005 ni wọ́n sì ti ń fi dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣíìpù kan wà lára káàdì náà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, nọ́ńbà gígùn kan tí kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ṣíìpù láéláé. Kọ́kọ́rọ́ yìí ní ìkejì tí gbogbo ayé lè rí, ohun tó sì ń dáàbò bo ti àṣírí ni pé kò sí kọ̀ǹpútà tó lè fi ti gbangba ṣírò rẹ̀ láàárín ìgbà tí èèyàn máa lò láyé. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí láti Masaryk University ní ìlú Brno, lórílẹ̀-èdè Czech, rí i pé ṣíìpù tí iléeṣẹ́ Infineon ń ṣe kù díẹ̀ káàtó níbi tó ti ń ṣa nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn nọ́ńbà náà ní ìlànà kan tí wọ́n jọ ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá sì mọ ìlànà yẹn lè ti ara kọ́kọ́rọ́ gbangba wá èyí tó jẹ́ àṣírí rí, bó bá lówó láti yá kọ̀ǹpútà tó pọ̀ tó. Nǹkan bíi káàdì 750,000 ní Ẹstóníà ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ohun tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ìparí oṣù Kẹjọ ni ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti bọ́ sí gbangba, tí wọ́n sọ fún ará ìlú pé ewu wà. Ní òru ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, wọ́n dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó ní àbùkù náà dúró. Àwọn èèyàn gba tuntun, àwọn kan nílé wọn lórí kọ̀ǹpútà, àwọn kan ní àgọ́ ọlọ́pàá. Rògbòdìyàn wà, kọ̀ǹpútà ìjọba dákú, àwọn èèyàn kùn. Àmọ́ nígbà tó máa fi parí, káàdì kan náà wà lọ́wọ́ wọn, kọ́kọ́rọ́ mìíràn ló wà nínú rẹ̀, ohun tí olè ì bá sì jí ti di ìranù.

Èyí ni ìyàtọ̀ tí mò ń wí. Àbùkù Ẹstóníà jinlẹ̀ ju ti OPM lọ tí a bá fi ojú ìmọ̀ ẹ̀rọ wò ó. Ẹ̀rọ gan-an ló ní àlébù níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àìbìkítà ló pọ̀ jù nínú ti Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ti Ẹstóníà ṣeé wò sàn.

N kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé mo fẹ́ sọ wọ́n di òrìṣà. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ọkùnrin kan ní Tallinn rí ọ̀nà gbà fa fọ́tò ìdánimọ̀ tó lé ní 280,000 jáde láti inú àkójọ dátà ìjọba Ẹstóníà. Àwọn aláṣẹ ní fọ́tò nìkan kò tó láti wọ inú ètò ìjọba, òótọ́ sì ni, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn, kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ wá ro orílẹ̀-èdè tó ti sọ ojú fúnra rẹ̀ di kọ́kọ́rọ́, níbi tí báńkì ti ń ní kí o gbé fóònù sókè, kí o rẹ́rìn-ín, kí o yí orí sọ́tùn-ún. Fọ́tò tó mọ́ kedere nìkan ti tó fún àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà mú kí àwòrán máa ṣẹ́jú, kí ó sì máa yí orí. Àwọn kan kì í tiẹ̀ gbé àwòrán náà síwájú kámẹ́rà. Wọ́n á fi ètò kọ̀ǹpútà tan fóònù jẹ pé kámẹ́rà ló rí i.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ háákà tó gbọ́n ni. Bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo mọ̀, kò sẹ́ni tó fọ́ ohunkóhun. Ẹni tó ní àṣẹ ló ṣílẹ̀kùn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ẹ wo Aadhaar ti Íńdíà, ètò ìdánimọ̀ tó tóbi jù lọ láyé. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti ń fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà oní-dígíìtì 12. Wọ́n ń gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹyinjú méjèèjì àti àwòrán ojú. Ó ti lé ní bílíọ̀nù 1.3 èèyàn báyìí. Kí iye bẹ́ẹ̀ tó lè forúkọ sílẹ̀, ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún àìmọye aṣojú àti iléeṣẹ́ aládàáni káàkiri ìlú àti abúlé, àwọn kan sì nílò ọ̀nà láti ṣàtúnṣe orúkọ tí wọ́n kọ ṣì tàbí àdírẹ́sì tó yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, akọ̀ròyìn kan ní ìwé ìròyìn The Tribune san 500 rupee fún ẹnì kan tó bá pàdé lórí WhatsApp. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gba orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tó lè fi wọlé. Nọ́ńbà Aadhaar èyíkéyìí tó bá tẹ̀, orúkọ, àdírẹ́sì, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì onítọ̀hún á jáde. Ó fi 300 rupee mìíràn kún un, wọ́n sì fún un ní ètò kọ̀ǹpútà tó lè fi tẹ káàdì ẹnikẹ́ni jáde.

Kí ni UIDAI, àjọ tó ni ètò náà, wí? Wọ́n ní kò sí àmì ìka tàbí ẹyinjú kankan tó jáde. Wọ́n ní ọ̀nà ìwádìí tí àwọn tí wọ́n yàn láti máa gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú ń lò ni ẹnì kan ṣì lò. Wọ́n wá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, wọ́n sì dárúkọ akọ̀ròyìn náà mọ́ àwọn tí wọ́n fẹjọ́ wọn sùn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè yẹn dúró níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ó ní dátà náà wà lábẹ́ ààbò, pé ògiri tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 13, tó sì nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ló yí i ká. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, ẹ má bínú. Ta ló ń gun ògiri? 500 rupee ni wọ́n fi wọlé, ẹnu ọ̀nà sì ni wọ́n gbà.

“Kò sí àmì ara tó jáde” ni gbólóhùn tí mo máa ń kọ́kọ́ wá báyìí nínú ìkéde ìjọba nígbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ó máa ń jóòótọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ẹni tó mọ orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, àdírẹ́sì rẹ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ lè pe iléeṣẹ́ fóònù, kí ó ní síìmù òun sọnù, kí wọ́n gbé nọ́ńbà rẹ fún un. Láti orí fóònù ló ti máa dé báńkì. Olè tó ti ní nọ́ńbà rẹ kò nílò ìka rẹ.

Ní Ajẹntínà, oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ẹnì kan gbé àwòrán káàdì ìdánimọ̀ Lionel Messi àti Sergio Agüero sórí Twitter, ó ní gbogbo ará ìlú lòun ní tiwọn lọ́wọ́. Ìjọba ní kò sẹ́ni tó jálẹ̀kùn o, àkáǹtì kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ètò ìlera, tó ní ẹ̀tọ́ láti wo àkójọ náà, ni wọ́n lò. Bíi pé ìyẹn fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀! Ní Gúúsù Kòríà, òṣìṣẹ́ kan tí iléeṣẹ́ mìíràn rán wá ṣiṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ káàdì mẹ́ta ló fi USB kó ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 èèyàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn pẹ̀lú, ó sì tà á. Àṣírí tú ní ọdún 2014. Iye àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ ni mo máa ń fẹ́ mọ̀: iléeṣẹ́ ìlera, ọlọ́pàá, báńkì, iléeṣẹ́ fóònù, aṣojú abúlé, ọmọ iṣẹ́ aṣojú abúlé. Bí a bá ṣe ń so nọ́ńbà kan mọ́ nǹkan púpọ̀ sí i ni ẹnu ọ̀nà ń pọ̀ sí i, ẹni tí kò ní ohun tó pọ̀ láti pàdánù ló sì ń jókòó sí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú jù lójú mi ni ibi tí àmì ìka ti pàdé owó. Ní Íńdíà, ètò kan wà tó jẹ́ kí ẹni tó ní àkáǹtì lè lọ bá aṣojú báńkì ní abúlé, kí ó sọ nọ́ńbà Aadhaar rẹ̀, kí ó tẹ ìka, kí ó gbowó. Kò nílò káàdì, kò nílò nọ́ńbà àṣírí. Fún àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà, tí báńkì sì jìnnà sí, iṣẹ́ ńlá nìyẹn, n kò ní bù ú kù. Àmọ́ ìwé ilẹ̀ wà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé ìwé àdéhùn ilẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo èèyàn lè máa yẹ ẹni tó ni ilẹ̀ wò, àmì àtàǹpàkò ẹni tó tà àti ẹni tó rà sì wà lórí rẹ̀ kedere. Nọ́ńbà Aadhaar náà wà lórí àwọn mìíràn. Kí ló tún kù? Ní ọdún 2018, wọ́n mú ẹnì kan tó ń ta síìmù ní Telangana, tó ti ń wa àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, tó ń fi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe òǹtẹ̀ gbẹ́ ìka àwọn tó ni wọ́n, tó sì ń fi wọ́n ṣí síìmù kó lè bá iye tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó tà. Òun kò tiẹ̀ jalè owó. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ jalè owó. Wọ́n á ti ara ìwé ilẹ̀ gba ìka, wọ́n á fi sílíkóònù ṣe é, wọ́n á lọ bá aṣojú tó ti gbọ́ tiwọn, owó á sì jáde. Ní ọdún 2023, UIDAI fi àyẹ̀wò tuntun kún un kí ẹ̀rọ lè mọ ìka alààyè yàtọ̀ sí ayédèrú. Ìyẹn fi hàn pé àwọn náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àhesọ.

Ẹ fi ara yín sípò ẹni tí owó rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n lò, o lè ní wọ́n jí i, ẹnikẹ́ni á sì gbà ọ́ gbọ́, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n ń jí páásíwọ́ọ̀dù. Àmọ́ ìwé báńkì sọ pé ìka rẹ ló gbowó. Ó sọ ibi tí ìka rẹ wà, ó sọ wákàtí tó débẹ̀. Ìwọ ló kù kí o wá ẹ̀rí pé o ò sí níbẹ̀, ìwọ tí o ò ní agbẹjọ́rò, tí o ò mọ orúkọ ẹ̀rọ, tí o kò sì ní àǹfààní láti wo fáìlì kankan. Bí àwọn èèyàn bá ṣe gbà pé ẹ̀rọ kò lè parọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ẹ̀rọ parọ́ mọ́ ṣe ń jìyà tó.

Ẹ̀rọ sì máa ń ṣì í, láìsí olè kankan. Ìṣirò kékeré kan á là á yé wa. Ká ní ẹ̀rọ kan máa ń pe ẹnì kan ní ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan péré nínú àfiwéra mílíọ̀nù kan. Bí mo bá fi ìka mi wé káàdì tó wà lọ́wọ́ mi, ewu yẹn kéré jọjọ. Àmọ́ bí ìjọba bá mú àmì ìka kan níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n fi wé ti mílíọ̀nù 100 èèyàn, nǹkan bíi 100 èèyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ máa tọ́ka sí. Ẹ̀rọ kan náà ni, àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ìbéèrè tí a bi í ló yí padà. Lórí ti ojú, àjọ NIST ti Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà 189 ní ọdún 2019, wọ́n sì rí i pé nínú ọ̀pọ̀ wọn, pípe ẹnì kan ní ẹlòmíràn fi ìlọ́po 10 sí 100 pọ̀ lójú àwọn aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà ju ti òyìnbó lọ. Ní ti ìka, àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ ti ha ìlà ọwọ́ wọn dànù, àgbẹ̀, bíríkìlà, àgbàlagbà, ni ẹ̀rọ sábà máa ń sọ pé òun kò mọ̀. Àwọn kan náà ni wọ́n ní torí wọn ni wọ́n ṣe gbé ètò náà kalẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa wí. Wọ́n á ní ṣé kí àwọn èèyàn wá máa wà láìní ìdánimọ̀ ni? Báńkì Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 850 èèyàn ni kò ní ìwé ìdánimọ̀ kankan láyé. Ẹni tí kò ní kò lè ṣí àkáǹtì, kò lè gba ogún, ọmọ rẹ̀ kò lè rọrùn wọ ilé ìwé. N kò bá ìdánimọ̀ jà. Ìdánimọ̀ ti wà kí ìka tó di dátà. Ohun tí mò ń bá jà ni kíkó ohun tí kò ṣeé pààrọ̀ jọ sójú kan, lórí ìlérí pé ẹni tó ń ṣọ́ ọ lónìí ni yóò máa ṣọ́ ọ títí láé.

Nítorí ẹni tó ń ṣọ́ ọ máa ń yí padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí Kabul bọ́ sọ́wọ́ Taliban, ẹ̀rọ HIIDE tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń ka ìka, ojú àti ẹyinjú àwọn ará Afgánístàn bọ́ sọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Àkójọ dátà kan wà tí ìjọba tó ṣubú fi ń san owó oṣù ọlọ́pàá àti ọmọ ogun, wọ́n ń pè é ní APPS. Ìwé ìròyìn MIT Technology Review kọ ọ́ pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló wà nínú rẹ̀, àti pé ohun tí wọ́n kọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan tó 40: orúkọ bàbá àti ti bàbá bàbá, orúkọ àwọn àgbààgbà tó dúró fún un nígbà tó wọ iṣẹ́, títí kan èso àti ewébẹ̀ tó fẹ́ràn jù. Ewébẹ̀! Ta ló jókòó tó ní kí wọ́n béèrè ewébẹ̀ tí ọmọ ogun fẹ́ràn? Onítọ̀hún kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn, ó dá mi lójú. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù kì í rò pé ọ̀tá máa kà á. Ìwà àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀mù nìyẹn: àyè wà, ẹ jẹ́ ká béèrè.

Nẹ́dálándì ti rí irú rẹ̀ láyé ìwé àti gègé. Kí ogun àgbáyé kejì tó délé wọn, àkọsílẹ̀ ará ìlú wọn wà létòlétò, ẹ̀sìn èèyàn sì wà nínú rẹ̀. Jacob Lentz, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ jù, wá ṣe káàdì ìdánimọ̀ tó ṣòro ṣe ayédèrú rẹ̀ ju ti àwọn Jámánì fúnra wọn lọ. Ní ti ààbò káàdì, iṣẹ́ tó péye ni. Ìgbà tí àwọn Násì ń fi wá àwọn Júù, kò sí ibi tí èèyàn lè fi ayédèrú sá pa mọ́ sí, àfi kí àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ káàdì wò pàápàá jóná. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1943, Willem Arondeus, Gerrit van der Veen àti àwọn ẹgbẹ́ wọn wọṣọ ọlọ́pàá, wọ́n wọ ilé àkọsílẹ̀ ní Amsterdam, wọ́n sì fi bọ́ǹbù sí i. Apá kan péré ló jóná. Wọ́n yìnbọn pa Arondeus àti àwọn mìíràn ní oṣù Keje. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá gbọ́ tí ìjọba kan ń yangàn pé àkójọ dátà òun ní ẹ̀dà ní ìlú mẹ́ta, pé iná kò lè jó o, omi kò lè gbé e lọ.

Síbẹ̀, àwọn kan ti yan ọ̀nà mìíràn. Jámánì ń gba àmì ìka sínú ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀, àmọ́ òfin wọn kò gbà kí wọ́n kó àwọn ìka náà sínú àkójọ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Inú ṣíìpù ló wà, nínú àpò ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ jí ti mílíọ̀nù 80 èèyàn á ní láti jí mílíọ̀nù 80 káàdì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin káàdì ìdánimọ̀ ní ọdún 2006, àwọn èèyàn sì ti ń gbà á, kí ìjọba tuntun tó fagi lé e ní 2010. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2011, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ àwọn díìsìkì tí àkójọ náà wà lórí rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ilé ẹjọ́ ní Jàmáíkà wọ́gi lé òfin ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè wọn ní 2019. Ní Kẹ́ńyà, ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga sọ pé bí wọ́n ṣe gbé Huduma Namba, ètò ìdánimọ̀ tuntun wọn, kalẹ̀ kò bófin mu, nítorí pé wọn kò kọ́kọ́ yẹ ewu tó lè ṣe fún dátà àwọn èèyàn wò. Gúúsù Kòríà kò lè mú ohun tó ti jáde padà, àmọ́ láti ọdún 2017, ẹni tó bá lè fi hàn pé jíjò nọ́ńbà òun ti pa òun lára tàbí pé ó lè pa á lára lè béèrè fún nọ́ńbà tuntun. Nọ́ńbà ni, ó ṣeé pààrọ̀.

Íńdíà pàápàá ti ṣe nǹkan kan tó dára. Èèyàn lè ti ìka àti ẹyinjú rẹ̀ pa nínú Aadhaar, kí ẹ̀rọ kankan má lè lò ó títí yóò fi ṣí i. Ohun tí n kò gbà nípa rẹ̀ ni pé ṣíṣí ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tì í ni yóò lọ tì í, nọ́ńbà fóònù tó wà lórúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni yóò sì fi ṣe é. Ẹni tó mọ̀wé, tó ní fóònù ọlọ́gbọ́n, tó ka ìròyìn, á ti tì í. Àgbẹ̀ tó ń fi ìka gbowó ìrànwọ́ lọ́wọ́ aṣojú, tí àmì ìka rẹ̀ sì wà lórí ìwé ilẹ̀ tí gbogbo ayé lè kà, kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ká ní èmi ni mò ń ṣe ètò náà ni, títì ni yóò wà láti ìbẹ̀rẹ̀, owó kò ní jáde fún ìka nìkan láìsí nọ́ńbà àṣírí tó ṣeé yí padà, bí olówó bá sì ní òun kọ́ ni òun gbà á, báńkì ni yóò mú ẹ̀rí wá pé òun ni, wọn yóò sì dá owó rẹ̀ padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí náà.